Igi tí a gbìn, igi tó yè: ìrírí mi nínú igbó àárín ìlú

Bí ẹnìkan bá pè yín pé kí ẹ wá bá òun gbin igi, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò máa bomi rin ín lẹ́yìn tí èrò bá ti túká. Bí kò bá rí èsì gidi fún yín, ẹ má tíì gbé ọkọ́ o. Nígbà tí èmi wọ iṣẹ́ yìí, n kò mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ í bi. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni pé igbó kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ti gé, tí wọ́n sọ di ààtàn, tí koríko sì ti gbà pátápátá, pé àwọn kan fẹ́ dá a padà sí igbó, wọ́n sì ń wá ẹni tó lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó. Mo ní mo ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú "mo ń bọ̀" bẹ́ẹ̀ lọ́la ni mo ń kọ èyí fún.

Èrò tó wá lọ́jọ́ ìgbìn náà pọ̀ ju ọkọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn kan wọ aṣọ kan náà, àwọn kan gbé kámẹ́rà wá, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Wọ́n já àwọn ọmọ igi kalẹ̀ sínú oòrùn, inú oòrùn náà ni wọ́n sì wà títí ọ̀rọ̀ ìkíni fi parí, ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀hún kò sì kúrú. Ewé wọn ti ń rọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀, ó di eré. Àwọn tó ń darí wa ti ṣèlérí iye igi kan, wọ́n sì fẹ́ kí iye náà pé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹnìkan ń gbẹ́ kòtò, ẹnìkan ń ju ọmọ igi sí i, ẹnìkan ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbogbo ara ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́, torí mo rò pé bí ó bá ṣe le tó ni igi náà yóò ṣe dúró tó.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́. Àmọ́ ọwọ́ púpọ̀ tí kò mọ ohun tó ń ṣe a máa sin ohun abẹ̀mí láàyè, a sì sin púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn nígbà tí mò ń relé. Mo ya fọ́tò.

Òjò rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn gbogbo wa balẹ̀, kò sẹ́ni tó padà lọ wò ó. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú ni ẹnìkan nínú wa gba ibẹ̀ kọjá, ó sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Koríko nìkan ló wà nínú àwòrán náà. Nígbà tí a débẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń tú koríko kí a tó rí ibi tí igi wà, èyí tí a sì rí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ìtìjú ló kọ́kọ́ bá mi, kí ìbínú tó tẹ̀lé e. Mò ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi: àwọn tó ṣètò rẹ̀, àwọn tó ta ọmọ igi fún wọn, òjò. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi kò bá mi dá sí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn tó ti kú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láti wo ohun tó pa wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo bá a hú u. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe nínú iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó ìyẹn.

Àwọn kan wà tí ọ̀rá tí wọ́n fi tọ́ wọn ṣì wà lára wọn nínú ilẹ̀. Ẹni tó gbìn wọ́n kò ya ọ̀rá náà kúrò rárá, tàbí ìdí rẹ̀ nìkan ló là. Àwọn mìíràn, wọ́n ya ọ̀rá wọn, àmọ́ igi náà ti pẹ́ jù nínú rẹ̀, gbòǹgbò ti lọ́ yípo yípo, ó sì ń yípo náà lọ nínú kòtò láìwọ inú ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ kì í dá tú ara rẹ̀. Ọwọ́ ni ẹ ó fi tú u, ẹ ó sì fi ọ̀bẹ tó mú gé èyí tó bá ti lọ́ jù kúrò kí ẹ tó gbìn ín. Ó máa ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé ó ń ṣe igi náà léṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí igi náà sì rù ú là, gbòǹgbò yẹn lè padà fún un lọ́rùn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo yín bá ti gbàgbé.

Àwọn tí a rì mọ́lẹ̀ jù ló pọ̀ jù. Gbòǹgbò ń mí. Afẹ́fẹ́ tó ń mí wà nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀, ìtòsí òkè ilẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ náà pọ̀ sí. Bí ẹ bá ri igi tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ara rẹ̀ ti pàdé gbòǹgbò fi bọ́ sábẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ tó, èèpo tí ilẹ̀ tútù bò yóò sì máa rà. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ilẹ̀ yẹn náà, àwọn ihò afẹ́fẹ́ wọ̀nyẹn ni mo ń dí pa. Ní báyìí, kòtò tí mò ń gbẹ́ kì í jìn ju ìwọ̀n erùpẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá lọ, àmọ́ mo máa ń jẹ́ kó fẹ̀ ní ìlọ́po 2 tàbí 3, torí ẹ̀gbẹ́ ni gbòǹgbò tuntun máa ń gbà jáde. Ọwọ́ ni mo fi ń tẹ ilẹ̀ rẹ̀, bàtà kì í débẹ̀.

Ilẹ̀ ìlú tún jẹ́ nǹkan mìíràn. Koríko lè bò ó kí ó rí bí ilẹ̀ gidi lójú. Nínú tiwa, a kan àwókù bíríkì, àfọ́kù ìgò, irin, táyà, a sì kan apá ibì kan tí ọkọ̀ ti gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún tó fi jẹ́ pé dígà kàn ń ta padà ni. Àwọn kòtò tí a fi tipátipá gbẹ́ síbẹ̀ gba omi òjò dúró, igi inú wọn sì kú sómi nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kú fún òùngbẹ níwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí wọn. Kí a tó gbin ohunkóhun síbì kan báyìí, a máa ń gbẹ́ kòtò kan, a ó bu omi kún un, a ó jẹ́ kó fà, a ó tún bu òmíràn sí i, a ó sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, igi tó máa ń hù létí odò ni a ó wá síbẹ̀. Bí a kò bá rí irú igi bẹ́ẹ̀, a ó tú ilẹ̀ náà káàkiri, a ó kó ewé jíjẹrà sí i, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ó máa ń nira láti sọ fún ẹni tó fowó sílẹ̀ pé ọdún yìí, ewé ni a fi owó rẹ̀ kó.

Nípa omi, èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé kí á máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Omi díẹ̀ kì í kọjá òkè ilẹ̀. Oòrùn á fà á kó tó dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò, gbòǹgbò náà á sì máa wá a bọ̀ wá sókè, níbi tí ooru ti ń pa á. Ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ nílò omi léraléra lóòótọ́, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jáde kúrò nínú erùpẹ̀ tó bá a wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bu omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rọra bù ú kó lè wọlẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ kí ẹ tó gbé garawa. Bí ìka bá kan tútù, ẹ gbé omi yín lọ sọ́dọ̀ igi mìíràn.

Ewé gbígbẹ àti wẹ́wẹ́ èèpo igi tí a tẹ́ yí ìdí igi ká ló gba igi tó pọ̀ jù là nínú tiwa. Ó ń bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, ó ń dí koríko lọ́nà, ó sì ń jẹrà di oúnjẹ ilẹ̀. Kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ara igi. Ẹnìkan nínú wa tó ní ìtara púpọ̀ kó o jọ gègèrè mọ́ ara igi bí ọ̀gán. Èèpo igi náà rà lábẹ́ rẹ̀, eku sì rí ilé.

Ṣé ẹ rí i pé n kò tíì sọ̀rọ̀ kan ewúrẹ́, iná, tàbí àwọn tó ń fa igi tu? Àwọn yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń fura sí. Nínú ohun tí a rí, àwa tí a fẹ́ràn igi pa jù wọ́n lọ. Ẹ gbọ́ ti ẹ̀rọ ìgékoríko. Àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn láti bá wa gé koríko, wọ́n sì gé e mọ́ féfé, títí dé ìdí igi. Okùn ẹ̀rọ náà bó èèpo ìdí igi káàkiri. Abẹ́ èèpo yẹn ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò; bí ẹ bá bó o yíká pátápátá, ewé ṣì lè tutù fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ebi ti ń pa gbòǹgbò, igi náà yóò sì kú. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ni a fi ń tu koríko ìdí igi, a sì ri ọ̀pá tí a kun ní àwọ̀ pupa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó mú ẹ̀rọ lè rí i lókèèrè. Okùn tí a fi so igi mọ́ ọ̀pá kí afẹ́fẹ́ má bàa dá a náà ṣe tirẹ̀. Igi ń sanra, okùn kò sanra. Ẹ so ó kó dẹ̀, kí igi lè máa mì díẹ̀, torí mímì yẹn ló ń mú kí ara rẹ̀ gbó. Bí ó bá ti lè dá dúró, ẹ tú okùn náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tú u sílẹ̀, ẹ ó gbàgbé bí ẹ kò bá kọ ọ́.

Nígbà tí a tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù kò pọ̀ mọ́. Ó dùn mí gan-an. Àwọn tí ń ya fọ́tò kò sí, àwọn tó wọ aṣọ kan náà kò sí. Mo fi ọ̀rọ̀ gún wọn lára lórí WhatsApp, kò mú ẹnìkan padà wá, ó tún lé àwọn kan tó ń rò ó lọ́wọ́ sá. Ohun tó mú ènìyàn wá ni ìgbà tí a dá ọjọ́ kan pàtó sílẹ̀ tí kì í yí padà, tí iṣẹ́ kò sì gbà ju òwúrọ̀ lọ, tí ẹni tó bá wá mọ igi tó jẹ́ tirẹ̀. A fi nọ́ńbà sára ọ̀pá igi kọ̀ọ̀kan, a sì ní ìwé tí a ń kọ ọ́ sí: ó yè, ó ń ṣàìsàn, ó ti kú. Níbi tí orúkọ àwọn abomirin bá parí sí nínú ìwé náà ni iye igi tí a ó gbìn lọ́dún yẹn parí sí. Ó dín iye igi wa kù gan-an. Àwọn kan bínú kúrò nítorí rẹ̀.

Mo ti kà nípa àwọn mìíràn láti ìgbà náà, ó sì tù mí nínú díẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n gbin ọmọ igi mílíọ̀nù 11 káàkiri orílẹ̀-èdè Tọ́kì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó kan níbẹ̀ fi kéde pé nínú èyí tí àwọn yẹ̀ wò, ó tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti kú, pé omi kò tó, àkókò kò dára, àwọn tó gbìn ín kò sì mọṣẹ́. Ìjọba jiyàn, wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù lọ ló wà láàyè. N kò sí níbẹ̀, n kò lè dájọ́. Wangari Maathai ní tirẹ̀, nígbà tó dá ẹgbẹ́ agbingi Green Belt Movement sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1977, owó díẹ̀ tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ń gbin igi jẹ́ owó igi tó bá yè. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ìyẹn. Bí ẹ bá ń sanwó tàbí pàtẹ́wọ́ fún gbígbìn, gbígbìn ni ẹ ó rí.

Igbó Tijuca ní Rio de Janeiro ni mo sì fẹ́ràn jù láti máa rò. Wọ́n ti gé igi orí àwọn òkè yẹn kúrò fún oko kọfí, omi tí ìlú ń mu sì ń gbẹ. Ní ọdún 1861, ìjọba Brazil ní kí wọ́n dá igbó náà padà, wọ́n sì fi Manuel Gomes Archer ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ó lé ní ọdún 10 tó fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹrú ni àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígbìn náà, kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn, bí ẹ bá sì gbọ́ tí wọ́n ń fi igbó yẹn yangàn, ẹ rántí wọn. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo igi inú igbó náà ni ọwọ́ ènìyàn gbìn. Bí wọ́n ti dá oko dúró, púpọ̀ nínú rẹ̀ dá hù fúnra rẹ̀.

Kí n tó mọ ìyẹn, ọmọ igi tó dá hù ni mo ti ń tu pẹ̀lú koríko! Mo ń fa wọ́n tu kí ilẹ̀ lè mọ́ yí àwọn igi tí a fi owó rà ká. Obìnrin tí èmi àti òun jọ hú òkú igi yẹn ló di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ kan, tó ní kí n wo ohun tí mo fẹ́ fà tu. Igi ni, ó sì ga ju èyí tí a gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹyẹ ló yàgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bomi rin ín, gbòǹgbò rẹ̀ kò rí inú ọ̀rá rí. Láti ọjọ́ náà, kí a tó gbé ọkọ́ wọ apá ibì kan, a máa ń kọ́kọ́ rìn ín já, a ó sì fi ọ̀já aláwọ̀ so mọ́ gbogbo ọmọ igi tó dá hù síbẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ ewé, kí ó kọ́ yín ní ojú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, torí ewé ọmọ igi lè má jọ ewé ìyá rẹ̀. Níbi tí ẹyẹ bá ń bà sí, irúgbìn yóò máa bọ́ síbẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí a fi òkú igi kan tó ṣì wà lóòró sílẹ̀ láàárín pápá, tí a sì rí ọmọ igi oríṣiríṣi lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tó gba inú ilẹ̀ náà kọjá, tí àwọn ará àdúgbò ń gbà. A gbin igi dí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí kò sí lórí máàpù wa. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú bí mi sí wọn títí ìyá àgbà kan fi bi mí bóyá a wá bi ẹnikẹ́ni léèrè kí a tó dí ọ̀nà mọ́ òun. A kò bi ẹnikẹ́ni. A ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, a rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tí a jókòó pẹ̀lú wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé igbó yóò di ibi ìfarapamọ́ àwọn olè. A fi ọ̀nà sílẹ̀, a jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́, a sì fi igi tó bá ń ga, tí ẹ̀ka rẹ̀ kò wálẹ̀, sí ìtòsí rẹ̀. Àwọn kan lára wọn wà nínú ìwé omi wa báyìí.

Ẹ má gbin irú igi kan ṣoṣo, bó ti wù kí ó yá dàgbà tó. Àìsàn tàbí kòkòrò kan ṣoṣo tó bá mọ̀ ọ́n jẹ, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Àwọn igi tó fẹ́ràn oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn síbi tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì dúró títí wọn yóò fi ní ibòji kí ẹ tó mú àwọn tó máa ń dàgbà lábẹ́ igi mìíràn wá. A gbé irú wọn sínú oòrùn gbalasa, ewé wọn jó. Àwọn kan yóò sọ fún yín nípa ọ̀nà Akira Miyawaki, onímọ̀ ará Japan tó máa ń gbin igi ìbílẹ̀ oríṣiríṣi sún mọ́ra nígbà ayé rẹ̀, bí 3 nínú mítà kan níbùú lóròó. Ọ̀nà dáadáa ni. Àmọ́ ó ní kí a kọ́kọ́ tún ilẹ̀ ṣe dáadáa, kí a sì máa tu koríko fún ọdún 2 tàbí 3. Sísún mọ́ra nìkan ni ọ̀pọ̀ ń mú nínú rẹ̀, torí òun ló rọrùn.

Fún ara tiyín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà tí ìṣó kò lè gún, kí ẹ sì rí i pé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì yín kò tíì pẹ́ jù. Ìgò gé mi ní àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí mo ń fi ọwọ́ lásán wá gbòǹgbò. Ẹ bèèrè ibi tí wáyà àti páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó sọ dígà, ẹ wo òkè bóyá wáyà iná wà níbẹ̀, torí igi tó bá ga kan wáyà, wọn yóò gé e.

Ẹ̀ka àwọn tó yè ti ń kan ara wọn ní apá kan báyìí, koríko sì ń kú lábẹ́ wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni tu ú. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olùfẹ́ ibòji lọ sábẹ́ wọn. Ìjà tó wà nílẹ̀ wa lọ́wọ́ kò ju ti igi kan tó wó lẹ́yìn ìjì lọ. Àwọn kan fẹ́ kí a gbé e kúrò kí ibẹ̀ lè mọ́. Èmi àti àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀ kó jẹrà, torí olú, ìdin àti ekòló tó ń sọ ilẹ̀ di ilẹ̀ igbó, ara irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. A gé apá tó dí ọ̀nà àwọn ará àdúgbò, a sì fi ìyókù sílẹ̀.